Eegun Ló Ń Ṣe É: Ìtàn Ìmọ̀ nípa Ibi tí Ẹ̀jẹ̀ ti Ń Wá, láti Orí Òkè Ìdáàṣà

Ìfáárà

Ìbéèrè tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí kò gùn: níbo ni ẹ̀jẹ̀ ti ń wá nínú ara ènìyàn, láti ìgbà wo ni a sì ti mọ̀ ọ́n? Èdè Faransé ni mo fi kọ́kọ́ gbọ́ ìdáhùn rẹ̀, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ní Dassa-Zoumè, ìlú tí àwa ọmọ ibẹ̀ ń pè ní Igbó Ìdáàṣà. Olùkọ́ wa ya ọkàn sí ojú pátákó, ó fi ẹfun pupa àti ẹfun búlúù ya àwọn iṣan, ó sì ṣàlàyé bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń jáde lọ tí ó sì ń padà bọ̀. Nígbà tí ó fẹ́ parí, ó sọ gbólóhùn kan péré pé mùdùnmúdùn inú eegun ló ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Agogo dún, a kó ìwé wa.

Nílé, mo ní àbúrò ọkùnrin kan tí eegun máa ń ro. Bí ìyá wa ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn: “Eegun tún ti ń ro ó.” Ìyá àgbà kì í sọ bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀. Àbíkú ló ń pè é, nítorí pé ọmọ méjì ti kú mọ́ ìyá mi lọ́wọ́ kí wọ́n tó bí i. Ìwé tí wọ́n fún wa ní ilé ìwòsàn ní orúkọ kẹta: drépanocytose, SS. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé gbólóhùn olùkọ́ wa àti ìrora àbúrò mi jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà. Kò sí ẹni tó so wọ́n pọ̀ fún mi, yálà ní ilé-ìwé tàbí nínú ilé.

Àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ ìtàn ní ọ̀nà méjì tó rọrùn tí a máa ń gbà sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí. Àwọn kan á ní ìmọ̀ ti ilẹ̀ Yúróòpù wá, pé ìgbàgbọ́ lásán ni tiwa. Àwọn mìíràn á ní kò sí ohun tuntun níbẹ̀, àwọn baba wa ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Èrò mi ni pé ẹ̀rí kò gbe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ìmọ̀ pé eegun ló ń ṣe ẹ̀jẹ̀ kò tíì tó igba ọdún níbikíbi láyé. Síbẹ̀, nínú orúkọ tí Yorùbá fún àìsàn àbúrò mi, ẹ̀rí kan wà tí kò sí nínú orúkọ tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn fún un. Mo fẹ́ fi ìtàn hàn bí ẹ̀rí náà ṣe tó, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Ẹ̀dọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi joyè

Fún ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, ẹ̀kọ́ Galen ni àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Yúróòpù àti ti àwọn Lárúbáwá ń tẹ̀ lé. Galen, ọmọ ìlú Pergamon, tí ó gbé ayé ní ọ̀rúndún kejì, kọ́ni pé oúnjẹ tí a jẹ ló ń di ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀, pé ara sì ń lò ó tán bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń fa omi mu. Ní 1628, William Harvey, dókítà ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé kan jáde tó fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ kì í tán bẹ́ẹ̀: ọkàn ló ń tì í jáde, ó sì ń yí ara ká padà sọ́dọ̀ ọkàn. Láàárín ọ̀rúndún yẹn kan náà, àwọn ará ilẹ̀ Netherlands méjì, Jan Swammerdam ní 1658 àti Antoni van Leeuwenhoek ní 1674, fi awò tí ń mú ohun kékeré tóbi rí àwọn wóró pupa tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ti mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rìn, wọ́n ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ ibi tí àwọn wóró náà ti ń jáde wá.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò rí mùdùnmúdùn. Gbogbo ẹni tó bá ti jẹ ẹran rí ló mọ̀ ọ́n. Nílé wa, bí a bá pa ẹran lọ́jọ́ ọdún, ìjà àwa ọmọdé kò ju ta ni yóò fa eegun itan lọ. Àwọn onímọ̀ Yúróòpù ní oúnjẹ eegun ni mùdùnmúdùn jẹ́, pé òun ló ń bọ́ eegun kí ó má baà gbẹ. Yorùbá ní tirẹ̀ fi adùn sọ ọ́ lórúkọ. Bí ó ṣe rí lẹ́nu ni orúkọ náà sọ fún wa. Kò sọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe.

Ọdún 1868 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ní Königsberg, ìlú Jámánì nígbà náà tí ó ti di Kaliningrad ní Rọ́ṣíà lónìí, Ernst Neumann fún eegun òkú ènìyàn àti eegun ehoro títí omi inú wọn fi jáde, ó sì gbé omi náà sábẹ́ awò. Ó rí àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa tó ní kókó nínú, irú èyí tí a kì í rí nínú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá, àfi nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tó wà nínú oyún. Ní ọdún kan náà, Giulio Bizzozero ní Pavia, ní Ítálì, sọ ohun tó jọ ọ́ láìjẹ́ pé àwọn méjèèjì ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ pọ̀. Láti ìgbà ìwé Harvey títí di ọjọ́ yẹn, ó jẹ́ 240 ọdún.

Ẹ jẹ́ kí á fi ọdún yẹn wé tiwa. Ní 1868, Gléglé ló wà lórí ìtẹ́ ní Abomey. Ní ọ̀rúndún náà ni àwọn jagunjagun Dàhòmì ń kógun ja àwọn ará Ìdáàṣà, tí àwọn baba ńlá wa sì ń sá gun orí àwọn òkè tí wọ́n fi ń yin ìlú wa lónìí pé ó ní òkè mọ́kànlélógójì. Wọn kò mọ̀ pé eegun ló ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bi olùkọ́ ìṣègùn kan léèrè ní Paris ní ọdún tó ṣáájú, òun náà kò mọ̀ ọ́n. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ni pé ẹnì kan ní awò lọ́wọ́, ogun sì lé ẹnì kejì gun orí àpáta.

Iṣẹ́ tí eegun ń ṣe

Kí ni Neumann rí gan-an? Sẹ́ẹ̀lì pupa tó ti pé kò ní kókó. Àpò kékeré ni, tó kún fún hẹmoglóbíìnì, ohun pupa tí ń gbé ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ara. Nígbà tó ṣì ń dàgbà nínú mùdùnmúdùn, ó ní kókó. Á máa pín sí méjì-méjì, á máa kó hẹmoglóbíìnì jọ, nígbà tó bá sì kún tán, á ti kókó rẹ̀ jáde, á wọ inú iṣan, á bá ẹ̀jẹ̀ lọ. Nítorí náà, àwọn sẹ́ẹ̀lì oníkókó tí Neumann rí nínú eegun dà bí ọmọ tí kò tíì kúrò nílé ìyá rẹ̀. Ibi tí a bá ti rí ọmọ ọwọ́, a ó mọ̀ pé ibẹ̀ ni ilé ìbímọ.

Ìyá wọn fúnra rẹ̀ pẹ́ kó tó fara hàn. Ní 1961, ní Toronto, James Till àti Ernest McCulloch fi ìtànṣán pa mùdùnmúdùn àwọn eku, wọ́n wá gún wọn ní abẹ́rẹ́ tó ní mùdùnmúdùn eku mìíràn nínú. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, kókó kéékèèké hù sára ọlọ inú àwọn eku náà. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe tẹ̀ lé e fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni kókó kọ̀ọ̀kan ti wá. Sẹ́ẹ̀lì ìyá ni mo ń pè é níhìn-ín: ó lè bí irú ara rẹ̀, kí ó má baà run, ó sì lè bí àwọn tí yóò di sẹ́ẹ̀lì pupa, sẹ́ẹ̀lì funfun tí ń bá àrùn jà, àti àwọn wóró tí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì lójú egbò.

Ta ló wá ń sọ fún eegun pé ẹ̀jẹ̀ ti dín? Àwọn ará Faransé ló kọ́kọ́ tọ́ka sí ìdáhùn. Ní 1906, Paul Carnot àti Clotilde Deflandre fa ẹ̀jẹ̀ jáde lára ehoro kan ní Paris, wọ́n mú omi ara ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì fi gún ehoro mìíràn. Sẹ́ẹ̀lì pupa ehoro kejì pọ̀ sí i. Wọ́n ní ohun kan wà nínú omi náà tó ń ránṣẹ́ sí eegun. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni a mọ̀ pé kíndìnrín ló ń rán an nígbà tí ọ́síjìn kò bá tó. Ní 1977, Eugene Goldwasser àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yọ ojúlówó rẹ̀ láti inú ìtọ̀ tó tó lítà 2,550, tí wọ́n kó jọ lọ́dọ̀ àwọn aláìsàn ní Japan.

Iṣẹ́ náà pọ̀. Nínú ara àgbàlagbà, eegun ń ṣe nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì sẹ́ẹ̀lì pupa ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan á lo nǹkan bíi 120 ọjọ́ kó tó gbó, ara á sì tú u palẹ̀, á kó irin inú rẹ̀ padà fún eegun láti fi ṣe òmíràn. Nígbà tí ọmọ wà nínú oyún, ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún oṣù díẹ̀ kí eegun tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà Galen kò ṣìnà pátápátá. Lára ọmọ kékeré, gbogbo eegun ló ń ṣiṣẹ́ náà, títí kan eegun ìka. Lára àgbàlagbà, ó kù sí eegun ẹ̀yìn, ìbàdí, àyà, ìhà, agbárí, àti orí eegun apá òun itan.

Orúkọ mẹ́ta fún àìsàn kan

Ní 1910, ní Chicago, James Herrick kọ̀wé nípa ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń kọ́ iṣẹ́ oníṣègùn eyín, Walter Clement Noel, ọmọ erékùṣù Grenada. Lábẹ́ awò, ọ̀pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ gùn, wọ́n sì tẹ̀ bíi dòjé tí wọ́n fi ń gé koríko. Ní 1922, Verne Mason fi dòjé yìí sọ àìsàn náà lórúkọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará Faransé mú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí dòjé, wọ́n sì fi ṣẹ̀dá drépanocytose. Orúkọ méjèèjì sọ ohun tí dókítà rí nínú awò.

Yorùbá ń pè é ní arọmọléegun, ohun tí ń ro ọmọ ní eegun. Wọ́n tún ń pè é ní fòníkú-fọ̀ladìde, nítorí pé ẹni tó dùbúlẹ̀ bí òkú lónìí lè dìde lọ́la kó máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré. Kì í ṣe Yorùbá nìkan ló ṣe bẹ́ẹ̀. Felix Konotey-Ahulu, oníṣègùn ọmọ Ghana, kó àwọn orúkọ tí oríṣiríṣi èdè ilẹ̀ Ghana fún un jọ, púpọ̀ nínú wọn ló sì ń ṣàfarawé ìrora tó ń lọ tó ń bọ̀. Ó tọpasẹ̀ àìsàn náà nínú ìdílé tirẹ̀ padà dé ọdún 1670, ìyẹn 240 ọdún kí Herrick tó kọ̀wé. Ohun tí aláìsàn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ni àwọn orúkọ wọ̀nyí gbé kalẹ̀.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ olùkọ́ mi àti ti ìyá mi ti pàdé. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì oní-SS bá kúrò nínú eegun, ó sábà máa ń rí róbótó bíi ti ẹlòmíràn. Ìgbà tó bá gbé ọ́síjìn sílẹ̀ ló ń tẹ̀, tó ń le, tó sì ń dí iṣan tóóró. Kì í pẹ́ láyé: ọjọ́ 10 sí 20 ló máa ń lò dípò 120. Eegun á wá máa sáré ṣe òmíràn dípò rẹ̀, mùdùnmúdùn á fẹ̀, agbárí ọmọ mìíràn á yọ síwájú nítorí iṣẹ́ náà. Bí sẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ bá dí iṣan inú mùdùnmúdùn, ọ́síjìn kò ní dé ibẹ̀, apá kan á kú, ìrora á sì bẹ̀rẹ̀. Lára ọmọ ọwọ́, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ wú, nítorí pé eegun ìka rẹ̀ ṣì ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ibi tí ìrora wà, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀.

N kò sọ pé ẹni tó kọ́kọ́ pè é ní arọmọléegun mọ èyí. Kò mọ̀ ọ́n. Ó gbọ́ igbe ọmọ ni, ó sì sọ ibi tí ọmọ náà fọwọ́ kàn. Ẹ̀rí ni, kì í ṣe àlàyé. Òpìtàn tó bá sọ ẹ̀rí di àlàyé ti fi ọ̀wọ̀ tí kò tọ́ bọ̀wọ̀ fún àwọn baba wa, ó sì ti fi ohun tí wọ́n rí ní tòótọ́ ṣòfò.

Orúkọ kẹta ni àbíkú, èyí ló sì ṣòro jù. Bí bàbá àti ìyá bá jẹ́ AS, ọmọ kan nínú mẹ́rin ló ṣeé ṣe kó jẹ́ SS nígbà oyún kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ikú lè padà wá sínú ilé kan náà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ náà kì í sì ṣàìsàn ní ìbẹ̀rẹ̀, torí hẹmoglóbíìnì tó gbé wá láti inú oyún ń dáàbò bò ó fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ọmọ á sanra, á rẹ́rìn-ín, ìyá á fọkàn balẹ̀, ìgbà náà ni nǹkan á wá yí padà. Kò yani lẹ́nu pé wọ́n rò pé ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́run ló ń pè é. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àbíkú ló jẹ́ SS. Ibà, ìgbẹ́ gbuuru àti ìgbóná èéyì pa ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n fún ní orúkọ yẹn. Àléébù tí mo rí nínú orúkọ yìí ni pé ó dáhùn ìbéèrè kí ẹnikẹ́ni tó béèrè rẹ̀. Arọmọléegun fi ọwọ́ wa lé ibì kan lára. Àbíkú gbé ọ̀rọ̀ kúrò lára ọmọ lọ sí ọ̀run.

Orúkọ orílẹ̀-èdè wa nínú ẹ̀jẹ̀

Orúkọ kan ṣì wà tó kàn wá ju àwọn yòókù lọ. Ní 1954, Anthony Allison fi hàn ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà pé ibà kì í lè pa àwọn AS bí ó ṣe ń pa àwọn mìíràn. Ìdí nìyí tí jíìnì náà fi pọ̀ níbi tí ẹ̀fọn pọ̀ sí. Ní 1984, Josée Pagnier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àyíká jíìnì yìí wò lára àwọn aláìsàn láti orílẹ̀-èdè mélòó kan, wọ́n rí i pé ó yàtọ̀ láti agbègbè sí agbègbè, wọ́n sì pín wọn sí Senegal, Benin àti Bantu. Láti ìgbà náà, ọmọ Sicily tàbí ọmọ Gíríìsì tó bá ní àìsàn yìí lè rí ọ̀rọ̀ náà “Benin” nínú èsì àyẹ̀wò rẹ̀. Ní 2018, Daniel Shriner àti Charles Rotimi sọ pé orísun kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ní, nǹkan bí 7,300 ọdún sẹ́yìn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, orúkọ wa kàn ń sọ ibi tí wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ ni, kò sọ ibi tí jíìnì náà ti bẹ̀rẹ̀. Orúkọ onímọ̀ náà lè ṣi ènìyàn lọ́nà, bí orúkọ ìyá àgbà.

Ọ̀sẹ̀ tí eegun dákẹ́

Mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí agbára arọmọléegun mọ, nítorí ó ṣojú mi.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà, àbúrò mi jẹ́ mọ́kànlá. Ibà kan wọ ilé wa ní àkókò òjò. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣe é fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n sì bọ́ síta. Àbúrò mi kò bọ́. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun, kò lè gun òkè kékeré tó wà láàárín kànga àti ilé wa. Ṣùgbọ́n eegun kò ro ó rárá, ohun tó sì fi gbogbo wa lọ́kàn balẹ̀ nìyẹn. Ìyá mi ní, “Ẹ̀ẹ̀kan yìí, eegun dákẹ́.” Ó lọ gbàdúrà ní ihò àpáta Arigbo, níbi tí àwọn Kátólíìkì ti máa ń rìnrìn àjò mímọ́ wá ní oṣù kẹjọ ọdọọdún. Ìyá àgbà rán wọn lọ sọ́dọ̀ babaláwo. Ọjọ́ kẹrin ni a gbé e dé ilé ìwòsàn, ó ti ń mí gúlegúle. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹ̀gbọ́n ìyá mi fún un.

Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà ni mo ka ìtàn kan tó jọ tirẹ̀. Ní 1975, ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, Yvonne Cossart àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí fáírọ́ọ̀sì kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi tọrẹ, tí a wá ń pè ní parvovirus B19. Ní 1981, John Pattison àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ohun tó ń ṣe: ó ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa tó ṣì ń dàgbà nínú mùdùnmúdùn, eegun á sì dáṣẹ́ dúró fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń lo 120 ọjọ́ kò ní fura. Ibà díẹ̀ ni, yóò sì lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kì í ju ọjọ́ mẹ́wàá sí ogún lọ, ọ̀sẹ̀ kan péré lè pa á. Kì í sì í fi dandan ní ìrora nínú. N kò lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ohun tó ṣe àbúrò mi nìyẹn, òpìtàn kò sì gbọ́dọ̀ sọ ara rẹ̀ di dókítà. Ṣùgbọ́n ó kọ́ mi pé eegun tí kò ro lè ti dáṣẹ́ dúró. Èyí tó dákẹ́, tí àtẹ́lẹwọ́ sì ń funfun, kí á sá fún òun náà.

Ní ọjọ́ kẹfà, dókítà yẹ àyẹ̀wò wò, ó rẹ́rìn-ín, ó sì sọ fún ìyá mi ní Faransé pé mùdùnmúdùn ti tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìyá mi kò gbọ́ Faransé. Èmi ni ògbufọ̀. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí dókítà sọ, mo sì mọ̀ ọ́n láti kíláàsì, ṣùgbọ́n n kò rí gbólóhùn Yorùbá tí mo lè fi sọ ọ́. Mo ní, “Dókítà ní ara rẹ̀ ti ń yá.” Ìyá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Màríà, ìyá àgbà dúpẹ́ lọ́wọ́ orí ọmọ náà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi sì ń sọ káàkiri pé ẹ̀jẹ̀ òun ló wò ó sàn. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbé ọmọ náà ró títí eegun rẹ̀ fi dìde ni. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, torí pé èmi tí mo gbọ́ ọ kò sọ ọ́.

Ìtọ́jú ti padà sí eegun

Fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ìtọ́jú dojú kọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn elégbòogi wa: bí ẹ̀jẹ̀ kò bá tó, a máa ń bọ ewé pupa póroporo bàbà, èyí kan náà tí àwọn obìnrin wa fi ń pa wagashi láró pupa, pupa fún pupa. Póroporo bàbà wà lára ohun mẹ́rin, pẹ̀lú iyèré, kànáfùrù àti osùn, tí ilé iṣẹ́ ìwádìí NIPRD ní Abuja fi ṣe oògùn Niprisan láti inú àgbo tí wọ́n gbà lọ́wọ́ elégbòogi Yorùbá kan. Bí sẹ́ẹ̀lì kò ṣe ní tẹ̀ ni oògùn náà ń wá.

Àwọn ìtọ́jú mìíràn ti ń lọ bá eegun fúnra rẹ̀. Hydroxyurea ń mú kí mùdùnmúdùn tún máa ṣe irú hẹmoglóbíìnì tí ọmọ ń lò nínú oyún. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Angola, Congo, Kenya àti Uganda, tó jáde ní 2019, fi hàn pé ó dín ìrora, ibà àti ikú àwọn ọmọ kù. Ní 1984, ní Amẹ́ríkà, wọ́n ròyìn ọmọ kan tí wọ́n fún ní mùdùnmúdùn ẹlòmíràn nítorí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, tí SS rẹ̀ sì bá a lọ. Ní oṣù kọkànlá 2023, Bìrìtéènì fọwọ́ sí Casgevy, ìtọ́jú tó ń kó sẹ́ẹ̀lì ìyá aláìsàn jáde, tó ń tún jíìnì kan ṣe nínú wọn, tó sì ń dá wọn padà sínú eegun. Iye rẹ̀ ní Amẹ́ríkà jẹ́ mílíọ̀nù 2.2 dọ́là. Kò sí ẹni tí yóò gbé e gun òkè Ìdáàṣà láìpẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó kéré jùyẹn ti ṣiṣẹ́ nílé wa níhìn-ín. Ní 2003, Mohamed Chérif Rahimy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cotonou ròyìn ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ SS: oògùn tí ń dènà àrùn, oògùn ibà, oúnjẹ tó dára, àyẹ̀wò déédéé, àti ẹ̀kọ́ fún àwọn òbí nípa àmì tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣọ́. Àìsàn àwọn ọmọ náà dín kù, ara wọn sì ń dàgbà. Ẹ̀kọ́ fún òbí wà lára ìtọ́jú náà gan-an. Ẹ̀kọ́ kò sì lè wọlé bí kò bá sí gbólóhùn tí ìyá gbọ́.

Ìgúnlẹ̀

Ẹni mẹ́ta ló sọ òtítọ́ nínú ìtàn yìí. Neumann sọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá, kò mọ ìrora àbúrò mi. Herrick sọ bí sẹ́ẹ̀lì ṣe rí, kò mọ ìdí tó fi tẹ̀. Ẹni tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, tó kọ́kọ́ pe àìsàn náà ní arọmọléegun, sọ ibi tó ń dunni, kò mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Iṣẹ́ àwa tí a gbọ́ èdè méjèèjì ni láti so àwọn òtítọ́ wọ̀nyí pọ̀, kí á má sì fi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀.

Àbúrò mi ti pé ọdún mẹ́tàlélógún báyìí. Aṣọ ló ń rán, ó sì ń gbé igò omi kiri níbi gbogbo, torí wọ́n ti kọ́ ọ pé kí òùngbẹ má gbẹ ẹ́. Nígbà tí mo ka iṣẹ́ yìí fún ìyá wa, ó dá mi dúró ní ibi ọ̀rọ̀ dókítà, ó ní kí n sọ ọ́ fún òun bí ó ṣe yẹ kí n ti sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Mo sọ ọ́: “Ìyá mi, eegun rẹ̀ ti padà sẹ́nu iṣẹ́.” Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, “Ṣé ìyẹn náà ló le tó báyìí?”